Àwọ̀ Ojú Kọ̀ǹpútà

Ayàwòrán náà gbé fọ́tò kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó rà ní èbúté Tin Can, ó ń yí bọ́tìnnì títí àwọ̀ méjèèjì fi jọra bí ìbejì. Ó mí kanlẹ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko ni ojú kọ̀ǹpútà náà fi ṣókùnkùn, tóun náà ń bu ìmọ́lẹ̀ kún àwòrán, tí àwọn oníbàárà rẹ̀ l'Ájégúnlẹ̀ sì ń di òyìnbó lórí bébà.

Modínátù, ọmọ aláṣọ òdìkejì títì, wọlé wá wo àwòrán tó ya lánàá. Ojú rẹ̀ kọ́rẹ́.

"Bọ̀dá, ta lẹ̀ ń pè ní èmi yìí?"

"Ìwọ náà ni. Mo ti tún ẹ̀rọ ṣe, kì í purọ́ mọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó purọ́! Ọkùnrin tí wọ́n fẹ́ fi mí fún ò tíì rí mi rí, fọ́tò yìí ni wọ́n máa mú lọ fún un. Ọkùnrin náà pupa fòò, kò ní fẹ́ ẹni tó dúdú bíi tèmi."

"Ta ló ní ó pupa?"

Modínátù fa fọ́tò ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ yọ nínú báàgì. Ayàwòrán yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó sì rí òǹtẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀ níbẹ̀. Hussein oníbàárà rẹ̀ ni, tó ń já ẹrù ní èbúté Kirikiri, tó dúdú bí kóró iṣin, tó wá ya fọ́tò nígbà tí ẹ̀rọ ṣì ń purọ́.

Ayàwòrán dá fọ́tò padà fún un, ó sì fa àga mọ́ kọ̀ǹpútà.

"Ọkọ ìyàwó rẹwà o," ló wí. "Báwo lo ṣe fẹ́ pupa tó?"