Fèrè Tó Máa Dún Bí Igi

Onífèrè náà kò jókòó nígbà tó wọ sọ́ọ̀bù. Ó ní wísù lòun ń wá, fèrè tánganran kékeré yẹn, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ jọ ti tánganran rárá. Ó gbọ́dọ̀ dún bíi rikọ́dà, fèrè onígi tí wọ́n fi ń fọn orin àtijọ́.

Onísọ́ọ̀bù bi í pé kí ló dé tí kò kúkú ra rikọ́dà. Ó ní ẹni tó ń wá ẹyẹlé kì í gbé adìẹ wálé kó wá máa bẹ̀ ẹ́ pé kó fò.

Onífèrè kò rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ sórí káńtà. Àtàǹpàkò rẹ̀ le gan-an, kò ṣeé ká mọ́. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ló pa dé mọ́ ọn, dókítà sì ti ní kó gba kámú. Rikọ́dà ní ihò kan lẹ́yìn tí àtàǹpàkò gbọ́dọ̀ máa dí, kó sì máa ṣí. Wísù kò ní. Iwájú ni gbogbo ihò tirẹ̀ wà.

"Ta ló máa gbọ́ ọ?" ni onísọ́ọ̀bù bi í.

"Ìyàwó mi."

Onísọ́ọ̀bù mí kanlẹ̀. Kò sí olórin kan nílùú tí kò mọ obìnrin náà. Òun ló dá ẹgbẹ́ olórin àtijọ́ sílẹ̀, Elétí-ehoro sì ni ìnagijẹ rẹ̀. Ó lè wà ní yàrá ìdáná kó ké sí èèyàn ní pálọ̀ pé ohùn rẹ ti fi díẹ̀ ga jù. Ibà líle kan ló dá a dùbúlẹ̀, nígbà tí ibà náà sì lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́.

Onífèrè ṣàlàyé pé nígbà tí àìsàn yẹn dé, ìbànújẹ́ mú kí òun fẹ́ pa rikọ́dà òun tì. Ìyàwó òun ló kọ̀. Ó ní kí òun máa fọn ọ́ ní pálọ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, pé bí òun bá fi fèrè náà sílẹ̀, ìyàwó náà á fi ara rẹ̀ sílẹ̀. Láti ọjọ́ tí àtàǹpàkò ti bàjẹ́, ọwọ́ náà kì í kúrò lápò bí òun bá wọ yàrá rẹ̀, irọ́ tí òun sì ń pa ni pé fèrè wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe.

"Irọ́ náà ti ń tán lọ́wọ́ mi," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá nǹkan."

Wísù àkọ́kọ́ han bíi kẹ́tùrù orí iná. Èkejì, tí wọ́n fi idẹ ṣe, sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn irin kò kúrò lára rẹ̀. Onífèrè ti ń làágùn. Onísọ́ọ̀bù gun àpótí, ó fa ọ̀kan yọ lókè pátápátá. Igi ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, inú rẹ̀ sì fẹ̀. Ó kọ ẹ̀yìn sí oníbàárà rẹ̀ kí ojú má baà ran etí lọ́wọ́, ó ní kó fọn ọ́.

Onífèrè rọra fẹ́ ẹ. Èémí fẹ́ẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ ń jáde kí ohùn tó tẹ̀ lé e, ohùn náà sì tutù, ó kún.

"Rikọ́dà nìyẹn," ni onísọ́ọ̀bù wí láìyíjú padà.

Omi lé ròrò sójú onífèrè. Onísọ́ọ̀bù kìlọ̀ ohun kan fún un. Àwọn olórin àtijọ́ kì í lo òdiwọ̀n ohùn tòde òní, tiwọn fi ìdajì ohùn wálẹ̀. Kó tó fọn ọ́, kó fa orí fèrè náà jáde díẹ̀. Bí kò bá fà á, gbogbo orin á ga jù, kódà òun onísọ́ọ̀bù alára á mọ̀, ká má tíì sọ ti ìyàwó rẹ̀.

Àbúrò ìyàwó, tó ń tọ́jú aláìsàn, ló ṣílẹ̀kùn fún un nílé. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ti béèrè rẹ̀. Onífèrè wọlé lọ kí i. Ìyàwó fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí nínú yàrá tó dákẹ́ rọ́rọ́, nítorí ó ti ní kí wọ́n gbé rédíò kúrò, pé ariwo ń rẹ òun. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀ láti ìgbà àìsàn, ó ní kí ọkọ òun dúró síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé kí òun lè rí ojú rẹ̀ dáadáa.

"Wọ́n ti tún fèrè ṣe," ni ọkọ wí.

"Ó tó ìgbà," ni ìyàwó fèsì.

Ó padà sí pálọ̀. Ó ń kánjú kí ọkàn rẹ̀ tó já, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ó ti dé àárín orin kí ojú rẹ̀ tó bọ́ sí orí fèrè náà. Kò fà á. Gbogbo orin náà ti fi ìdajì ohùn ga láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì ṣeé dá dúró mọ́. Ó fọn ọ́ dé òpin bí ẹni tó ń rìn lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ dá a lẹ́jọ́. Aṣọ rẹ̀ ti rin gbingbin fún òógùn.

Ó gbé fèrè kúrò lẹ́nu. Lẹ́yìn náà, ohùn ìyàwó rẹ̀ wá láti ẹ̀yìn ògiri.

"Ọkọ mi, ó dùn. Bíi ti tẹ́lẹ̀ gan-an ni. Ohùn kankan ò yẹ̀."

Onífèrè jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Etí yẹn kò lè ṣàì mọ̀. Ó dá a lójú pé ìyàwó òun ti mọ ohun gbogbo, ó kàn bo òun láṣìírí ni. Ẹkún gbọ̀n ọ́n, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu kí ìyàwó rẹ̀ má baà gbọ́.

Nínú yàrá, àbúrò gbé ọwọ́ kúrò ní èjìká ẹ̀gbọ́n rẹ̀, níbi tó ti tẹ̀ ẹ́ láti fi hàn án pé fèrè ti dákẹ́, ó wá la ẹnu gbàgà láìmú ohùn jáde, kí ẹ̀gbọ́n lè kà á ní ètè rẹ̀, ó bi í pé títí dìgbà wo ló máa fi pamọ́ fún ọkọ rẹ̀ pé ibà yẹn ti gba etí rẹ̀ méjèèjì lọ.