Ògiri Bàbá Elétí

Ohun àkọ́kọ́ tí aṣekọ́kọ́rọ́ kó wọ yàrá tuntun rẹ̀ ni àgbélébùú onígi kékeré kan. Ó gbé e kọ́ sára ilẹ̀kùn níta, níbi tí ẹni tó bá ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ yóò ti kọ́kọ́ rí i. Ẹní ìrun rẹ̀ wà nísàlẹ̀ àpótí irinṣẹ́, ó ká a sínú ṣòkòtò iṣẹ́. Mùsùlùmí ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ mọ̀ ní òpópónà yẹn. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin tó ń ta bẹ́ẹ̀dì ní ìkóríta, torí pé ìyàwó rẹ̀ ń bo orí. Àwọn ọlọ́pàá dé, wọ́n wo gíláàsì nílẹ̀, wọ́n ní afẹ́fẹ́ ni.

Ọ̀pọ̀ onílé ti dá a padà kó tó rí ibí yìí, nítorí orúkọ rẹ̀. Nígbà tó yá, ó kúkú wá orúkọ mìíràn fún ara rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin wọn ṣì wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbi tó jìnnà, wọ́n ń sùn sí pálọ̀, wọ́n ń retí kó ní, "Ó yá, ẹ máa bọ̀." Yàrá yìí ni gbogbo ìrètí rẹ̀.

Arúgbó tó ni ilé náà ló ń gbé yàrá kejì, ògiri kan ṣoṣo ló pààlà wọn. Bàbá Elétí ni àwọn ayálégbé ń pè é.

"Má jẹ̀ẹ́ kó gbọ́ ohùn ẹ jù o," ìyá aránṣọ tó ń gbé nísàlẹ̀ ló ta á lólobó. "Wọ́n ní ògiri létí, ti ibí tún ń béèrè ọ̀rọ̀. Tí abẹ́rẹ́ bá já bọ́ lọ́wọ́ mi, Bàbá yẹn á ní kí ló ṣubú."

Òótọ́ ni. Ní ìdájí, tí aṣekọ́kọ́rọ́ bá ti rọra dìde, tó fi omi díẹ̀ ṣe àlùwàlá sínú bàsíà kí ẹ̀rọ omi má baà pariwo, á gbọ́ tí pákó ilẹ̀ ń dún lẹ́yìn ògiri. Bàbá ti jí nìyẹn. Ògiri yẹn ló sì bọ́ sí ìhà gábàsì, tó ní láti kọjú sí kírun. Tó bá forí kanlẹ̀ sí i, á gbọ́ tí ẹnì kan ń mí ní òdì kejì, àyà rẹ̀ á já. Lójú tirẹ̀, arúgbó náà ti lẹ etí mọ́ ògiri.

Ó wá ń ṣọ́ra ju bó ṣe yẹ lọ. Tó bá ń wẹ̀, á máa kọ orin ìsìn tó gbọ́ lórí rédíò. Ohùn rẹ̀ ò dùn, orin náà ò sì pé. Nígbà tí oṣù ààwẹ̀ wọlé, ó máa ń sáré wálé lọ́sàn-án láti fi ṣíbí lu àwo òfìfo, kí Bàbá lè gbọ́. Ṣíbí Bàbá náà á dá tirẹ̀ lóhùn. Òórùn ọbẹ̀ kì í jáde, ṣùgbọ́n ta ló gbóòórùn ọbẹ̀ ahun rí?

Lọ́jọ́ kan wọ́n pàdé lórí àtẹ̀gùn. Ojú Bàbá lọ sára àgbélébùú.

"Ó jọ pé o fẹ́ràn Ọlọ́run gan-an."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Mi ò kì í pa ìsìn jẹ."

"Àwọn ará òpópónà yìí ńkọ́? Ẹ jọ ń ṣe dáadáa?"

"Ọ̀rẹ́ mi ni gbogbo wọn, Bàbá."

Bàbá mi orí, ó di irin àtẹ̀gùn mú, ó sọ̀kalẹ̀ lọ.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Bàbá kan ilẹ̀kùn rẹ̀. "Mo fẹ́ kí o wá ibòmíì lọ."

"Bàbá, kí ni mo ṣe?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Ọmọ dáadáa ni ẹ́. Àgbà ti dé sí mi ni, oorun ni mo fẹ́ sùn."

Ara aṣekọ́kọ́rọ́ bù máṣọ. Ó gbà pé àṣírí ti tú. Kò lè jókòó, kò lè dùbúlẹ̀. Ó lọ ra àgbélébùú mìíràn tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì gbé orin rẹ̀ sókè. Láti ọjọ́ náà, Bàbá kò jẹ́ kí ojú àwọn méjèèjì pàdé mọ́.

Ìyàwó rẹ̀ pè. "Ṣé ká máa palẹ̀ mọ́?"

"Ẹ ṣì ní sùúrù díẹ̀."

"Sùúrù yẹn náà la fi ń ṣe ìrọ̀rí níbí," ìyàwó rẹ̀ dáhùn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ń kó ẹrù rẹ̀, ó bá Bàbá lẹ́nu ọ̀nà yàrá kejì, ààbọ̀ kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ààbọ̀ kejì ti kán sínú ilẹ̀kùn.

"Ẹ jẹ́ n bá yín ṣí i, Bàbá. Iṣẹ́ mi ṣáà ni."

"Rárá, fi sílẹ̀. Màá fi èjìká já a." Èjìká tí kò lè gbé korobá omi.

Bàbá ń wo fèrèsé ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí oòrùn ti ń wọ̀. Aṣekọ́kọ́rọ́ náà ń wo oòrùn ọ̀hún, torí kò fẹ́ kí àkókò ìrun kọjá. Ṣùgbọ́n ó ronú pé bóyá oore yìí á rọ àgbà lọ́kàn, kó ní kí òun dúró. Ó kúnlẹ̀, ó ti irin tín-ín-rín bọ ihò kọ́kọ́rọ́.

"Tó bá ṣí, má wọlé," Bàbá ní. "O gbọ́ mi? Ṣe ni kí o kẹ̀yìn, kí o máa lọ."

"Mo gbọ́, Bàbá."

Irin náà mú. Ilẹ̀kùn kò dúró de ẹnikẹ́ni, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Bàbá di apá aṣọ aṣekọ́kọ́rọ́ mú.

"Ọmọ mi, mo fi ẹni tí o gbé kọ́ sára ilẹ̀kùn ẹ bẹ̀ ẹ́, má sọ fún wọn. Níbo ni mo fẹ́ lọ lọ́jọ́ orí yìí?"

Ẹní ìrun kan ló tẹ́ sílẹ̀ nínú yàrá náà, ó ti gbó níbi orúnkún àti níbi iwájú orí, ó sì kọ ẹ̀yìn sí ògiri tí aṣekọ́kọ́rọ́ ti ń forí kanlẹ̀ sí láti ọjọ́ tó ti dé, bí ẹní lèmọ́mù ṣe máa ń síwájú èrò. Aṣekọ́kọ́rọ́ bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé, ó sì dúró sí ọwọ́ ọ̀tún ẹní náà, ó ń retí kí Bàbá síwájú.