Ààrò Tí Gbogbo Ìlú Fi Igi Sun

Ẹ gbọ́ àlọ́ mi o. Ẹkùn gba igi lọ́wọ́ gbogbo ẹranko láti fi sun ààrò amọ̀ tí kì í jẹ igi púpọ̀, kí ilé kọ̀ọ̀kan lè ní tirẹ̀. Ẹyọ kan ló sun, ilé ara rẹ̀ ló sì gbé e sí.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, Ẹkùn pè wọ́n wá síwájú ilé rẹ̀, ó tún béèrè igi.

Ọ̀bọ tó ń jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀ ní, "Ààrò náà mà ń ṣiṣẹ́ o!"

Òkété, tí òtútù ń pa àwọn ọmọ rẹ̀, ní, "Bàbá, ilé ta ló ti ń ṣiṣẹ́?"

Ẹkùn rẹ́rìn-ín. "Ilé mi. Ṣé kí n sè ọ́ níbẹ̀ kí o lè rí i?"

Òkété sáré lọ gbé ìkòkò rẹ̀ wá. Ó gbé e ka ààrò Ẹkùn, ó sì dá orin:

"Ààrò ìlú dà o?"

Ó wá ń dúró de ẹni tí yóò gbè é.