Ọ̀rá Inú Ọmọ Ewúrẹ́

"Òfo ọjọ́ kejì ọjà!" ni olùwádìí kígbe. Alápatà ti la ọmọ ewúrẹ́ sórí tábìlì, kò sì sí ọ̀rá bíńtín lára kíndìnrín rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ oṣù mẹ́ta gbáko ni olùwádìí ti ní kí wọ́n máa fi ọ̀rá màlúù bọ́ ọ, kó lè mọ irú ọ̀rá tí yóò dì sí i lára.

"Ọ̀gá, ọ̀rá rè é o! Ó kún inú àpòlúkù!" ni alápatà pariwo.

Olùwádìí sáré mú abọ́. Làìlọ́ọ̀nù dúdú ni alápatà ń bù jáde, ẹ̀kúnwọ́ lẹ́yìn ẹ̀kúnwọ́.

Olùwádìí yíjú sí bàbá tó ń tọ́jú ẹran. "Bàbá, kí lẹ fún un jẹ?"

"Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n máa po ọ̀rá mọ́ oúnjẹ rẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu, àmọ́ mo gé e wẹ́wẹ́, kó má baà há a lọ́fun."

"Ọ̀rá màlúù tí mo kó sínú fíríìjì ńkọ́?"

"Ìyẹn?" Bàbá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọ̀gá, mo ṣáà dúpẹ́ lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ tí ẹ kó o wá."

 Ikùn bàbá ni olùwádìí ń wò, níbi tí bọ́tìnnì ẹ̀wù ò ti lè dé ojú ihò rẹ̀ mọ́.