Ẹ̀jẹ̀ Màmá Mal-sun Ti Tú Àṣírí

Ha-ryeong tún èsì àyẹ̀wò náà wò, ó bú sẹ́rìn-ín.

Òun ló ń gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn èèyàn níbi tí wọ́n ti ń wá àjẹsára fún kòkòrò kan tó ń gbé inú ikùn, ní ìlú Jeonju, ní Kòríà.

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀jẹ̀ Màmá Mal-sun kò tíì mọ kòkòrò náà rí. Lónìí, àwọn ọmọ ogun tí ara fi ń bá a jà kún inú ẹ̀ fọ́fọ́.

"Màmá, ta lẹ ń bá jẹun?"

"Opó ni mí. Èmi àti tẹlifíṣọ̀n mi la jọ ń jẹun."

"Kòkòrò yìí kì í jáde látinú tẹlifíṣọ̀n o. Ẹnu ló ń gbà wọlé. Ẹnì kan ń ti ṣíbí ẹ̀ bọ ìkòkò ọbẹ̀ yín."

Etí màmá pọ́n bíi kimchi, ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi ata rẹ. Ẹnu ti jẹ, ojú wá ń tì.

"Ọmọ yìí, ẹ̀jẹ̀ ni mo wá fún ẹ, mi ò wá jẹ́jọ́!"

"Èwo wá ni ti ìtìjú? Ẹ jayé yín, Màmá. Ẹ ṣáà ní kí bàbá tó ni ṣíbí náà wá ṣàyẹ̀wò tiẹ̀."

"Mo ti bẹ̀ ẹ́ títí. Ó lóun ò ní wá."

"Ṣé abẹ́rẹ́ ló ń bà á lẹ́rù ni?"

"Rárá o. Ó ní ọmọ òun ló ń gba ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Ha-ryeong.

Màmá rọra wọ kóòtù rẹ̀, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà.

"Ọbẹ̀ tí o máa ń gbé lọ fún bàbá ẹ lọ́jọ́ Àìkú, a máa ń jẹ ẹ́ o. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, dín iyọ̀ ẹ̀ kù fún wa."