Ìwé Tí Bàbá Ń Bá Jà

Mọ̀ríámọ̀ ló ń tọ́jú Bàbá Faransé ní Kettering, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, lọ́dún 1996. Ojú Bàbá ti fọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e mọ́, ṣùgbọ́n ohùn ṣì wà lọ́fun rẹ̀ dáadáa. Akínlọ́lá, ọmọ Ìbàdàn tó fẹ́ ọmọ Bàbá obìnrin, ló gba Mọ̀ríámọ̀ síṣẹ́. Mọ̀ríámọ̀ kò bi í ní orúkọ Bàbá. Ta ní ń pe àgbà lórúkọ?

Lọ́jọ́ kan, ó bá ìwé kan tí wọ́n túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Bàbá. Èèpo rẹ̀ ti já, ojú ewé àkọ́kọ́ ti bá a lọ. Ó fi kàlẹ́ńdà àtijọ́ bò ó, bí wọ́n ti ń ṣe fún ìwé iléèwé nílé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún Bàbá lọ́sọ̀ọ̀sán. Prámárì ló kà mọ. Fúnra rẹ̀ ló kọ́ ìyókù.

Ìtàn mínísítà ìṣúná ilẹ̀ Faransé nígbà ogun Hítílà ni. Ọmọ tíṣà abúlé ni, ó ṣiṣẹ́ ìjọba títí tí àpò orílẹ̀-èdè fi bọ́ sí i lọ́wọ́. Ìwé náà ní, nígbà tí àwọn Jámánì dé, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kó kọ́kọ́rọ́ ilé góòlù lé wọn lọ́wọ́.

"Irọ́ ni!" Bàbá fi ọ̀pá lu ilẹ̀. "Góòlù ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ! Wọ́n gbá a létí, wọ́n gbá a létí, kò sọ ibi tó wà. Mo wà nínú yàrá yẹn!"

Mọ̀ríámọ̀ mú báírò. Ibi tí Bàbá bá ti pariwo, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

"Kí n tó kú," Bàbá wí, "àwọn tó tẹ̀ ẹ́ ní Paris gbọ́dọ̀ gbọ́."

Mọ̀ríámọ̀ kúnlẹ̀. "Ẹ kú àmúmọ́ra, Mínísítà."

Bàbá kọjú sí ògiri, ó sì sunkún.

Akínlọ́lá bá wọn níbẹ̀. "Àǹtí Mọ̀ríámọ̀, ẹ gbé ìwé yẹn jù síbì kan. A kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ilé yìí. Ìtìjú rẹ̀ ló gbé wọn dé Amẹ́ríkà."

"Ẹni tó kọ irọ́ ni kí ojú máa tì."

Akínlọ́lá na ìka sí ìwé náà. "Tí ẹ bá tún kà á lọ́la, ẹ má wá síṣẹ́ mọ́."

"Màá wá, màá sì kà á. Lọ pe ọlọ́pàá. O kàwé dé yunifásítì, àbúrò mi, ẹ̀rù ìwé wá ń bà ọ́?" Ó yíjú sí Bàbá, ó bi í ní Gẹ̀ẹ́sì: "Ṣé kí n dákẹ́?"

"Kà á," Bàbá wí.

Akínlọ́lá jáde, kò sì lé e.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, lẹ́tà tí Mọ̀ríámọ̀ ń bá Bàbá kọ sí Paris pé ojú ewé mọ́kànlá. Mọ̀ríámọ̀ kà á láti òkè dé ilẹ̀. Bàbá ń mi orí. Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi ìbuwọ́lùwé, Mọ̀ríámọ̀ ti bá a kọ "Èmi, Mínísítà Ìṣúná" sílẹ̀; ó kà á sí i létí, ó sì fi báírò sí i lọ́wọ́.

"Pa ìyẹn rẹ́," Bàbá wí, "Mínísítà ti kú sẹ́wọ̀n tipẹ́tipẹ́, kọ ọ́ síbẹ̀ pé: èmi, akọ̀wé rẹ̀, tí mo kọ ìwé náà."