Ọṣẹ Inú Àgbá Búlúù

Ojú gbà mí tì.

Òṣìṣẹ́ ìjọba dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù tí ọkọ mi ti ń bó ọ̀dà àtijọ́ kúrò lára àga, àwọn oníbàárà sì ń wò wá bí ẹni pé a jí ewúrẹ́ gbé.

Ó ní ìjọba ti fòfin de kẹ́míkà tí wọ́n fi ń bó ọ̀dà.

"Sáńpépà nìkan là ń lò níbí, ọ̀gá," lọkọ mi wí.

"Kí ló wá wà nínú àgbá búlúù yẹn?"

"Ọṣẹ olómi ni. Ẹ wo àkọlé ara rẹ̀."

Ọkùnrin náà mi orí. Kò gbà.

Ọmọ mi ń ké lẹ́yìn mi. Ara rẹ̀ tó pọ́n, tó sì ń bó, kì í jẹ́ kó sùn mọ́.

Inú bí mi. Ṣé ọkọ mi ni wọ́n máa sọ di òpùrọ́ lójú mi?

"Ọṣẹ ni, ọ̀gá," ni mo wí. "Èmi fúnra mi máa ń bù ú lọ sílé. Òun ni mo fi ń fọ aṣọ ọmọ yìí."



Ọkọ mi ti tú ọ̀já mi. Ó ń bọ́ aṣọ lára ọmọ.

"Ìyàwó mi," ó ní, kò lè wojú mi, "èmi ni mo lẹ àkọlé yẹn."